Ìwádìí Ọkọ Tó Ń Fò

Kò sí ohun tí Tíṣà Bándélé ti Ararọ̀mí-Ọ̀pin kò mọ̀ tán láyé yìí, pàápàá nípa sinimá àwọn alágbára tó ń fò. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó wọ ṣòkòtò tuntun tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí agboòrùn, ó gun alùpùpù wá sí Ìlọ́fà, kí ó lè gba ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò wá tọrọ Fúnmilọ́lá, ọmọbìnrin tó ń fẹ́, lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà. Ó bá Màmá Damaris, ìyá Fúnmi, tó tún jẹ́ ìyá ìjọ Aládùúrà, níwájú ilé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Hòo. Dìde, Tíṣà, Ọlọ́run ló rán ọ sí mi. Ẹni tó mọ̀wé ni mo ń wá, tí yóò bá mi ṣe ìwádìí."

"Ìwádìí kí ni, Màmá?"

"Ìwádìí ọkọ. Fúnmi ti rí ọkọ."

Inú Tíṣà dùn dẹ́yìn. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ó ti sọ fún yín nìyẹn?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó padà sí Ìlọrin, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, ni mo wọlé lọ gbá yàrá rẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti bá ọkọ."

"Abẹ́ ìrọ̀rí kẹ̀?"

Màmá Damaris gbọn ọwọ́ nù, ó sì fa ìwé kan yọ lábẹ́ àpótí tó jókòó lé. Àyà Tíṣà já. Magasínì sinimá tirẹ̀ gan-an ni! Òun ló rà á ní Ìlọrin, òun náà ló yá Fúnmi kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ọ̀làjú lòun. Akọ-Òkúta, alágbára inú sinimá, ló wà lójú ìwé náà, ó fi ọwọ́ kan gbé lọ́rì, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí Tíṣà bá jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín, Màmá á ní òun ló ń kó nǹkan ayé ran ọmọ òun.

"Wò ó dáadáa, Tíṣà. Ta ni í ṣe?"

"Ẹ̀n... Akọ-Òkúta ni wọ́n ń pè é, Màmá."

"Orúkọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ ulé ta ni?"

"Kò nílé o. Inú sinimá ló ń gbé."

"Ó ń gbé ulé ayálégbé nìyẹn. Kò burú, báyìí náà ni gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Uṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ewu."

"Wòlíì ni!"

"Màmá, kì í ṣe wòlíì!"

"Ìwọ̀n tí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó yìí? Wòlíì ni. Tẹ̀síwájú."

Ẹ wá wo àgbàlagbà ọkùnrin tó ń bá bébà jowú! Òógùn ń yọ lójú Tíṣà. Ó pinnu pé òun yóò ba Akọ-Òkúta jẹ́ pátápátá, kí Màmá má lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ó wọ pátá sórí ṣòkòtò!"

"Mo rí i. Ìyẹn fi yé wa pé ó ní pátá. Àwọn kan wà tó jẹ́ ṣòkòtò gbàgàdà ni wọ́n ń wọ̀ kiri, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó wo ṣòkòtò Tíṣà láti òkè dé ilẹ̀. Tíṣà pa itan pọ̀.

"Màmá, ọkùnrin yìí ń fò! Ó ń fò lójú ọ̀run!"

Màmá Damaris dẹ́kun ẹ̀gúsí bíbó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Lọ́sàn-án ni àbí lóru?"

"Lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé."

"O dẹ́rù bà mí! Àjẹ́ kì í fò lọ́sàn-án. Ẹni tó ń fò lójú gbogbo ayé, kò ní nǹkan tó ń pa mọ́ nìyẹn."

"Ó gbé òkúta mì! Nígbà tó wà lọ́mọdé, òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó gbé e mì, ibẹ̀ ló ti rí agbára. Òkúta wà nínú ikùn rẹ̀ dòní!"

"Òkúta?"

"Òkúta gidi, Màmá! Ṣé ẹni téèyàn lè fún lọ́mọ nìyẹn?"

Tíṣà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Màmá Damaris pàtẹ́wọ́, ó dìde, ó fi ijó díẹ̀ sí i.

"Ọlọ́run Aládùúrà, o ṣé o! Tíṣà, Fúnmi kò mọ òkúta ṣà kúrò nínú ìrẹsì. Èyí tó sè lọ́jọ́ ìkórè, eyín alàgbà wa ló kán. Mo ti ń sunkún pé ọkọ wo ni yóò gbà á. Ẹni tó gbé òkúta mì lọ́mọdé! Ọkọ ọmọ mi nìyẹn!"

"Màmá, kì í jókòó sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ké pé 'ẹ gbà mí', á sá lọ bá a."

"Ẹni tó ń jẹ́ ìpè ni. Nígbà tí atẹ́gùn ṣí páànù ulé mi, mo ránṣẹ́ sí ùwọ. O ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́."

"Ó ń dùn mí lóòótọ́, Màmá."

"Ìlọrin ni wọ́n ti rí ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, tó ń rìn kiri."

Tíṣà kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ọgbọ́n.

"Màmá, kí n má purọ́ fún yín, kò sí ọkùnrin yìí láyé! Òṣèré ló múra bẹ́ẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so ó rọ̀ tó fi ń fò. Páálí ni lọ́rì yẹn!"

"Ùwọ tó o mọ ohun tó gbé mì lọ́mọdé, ùwọ náà lo wá ń sọ pé kò sí? Owú ni, Tíṣà. Mo ti gbọ́ tó. Ìwádìí ti parí." Ó gbọ́wọ́ sókè. "Mo fi Fúnmilọ́lá fún Akọ-Òkúta ní orúkọ Jésù!"

"Màmá, ẹ má ṣe àmín!"

"Àmín!"

"Ó ti kú!"

Tíṣà fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Kí lo wí?"

"Akọ-Òkúta. Ó ti kú, Màmá. Lọ́rì yẹn ló já lé e lórí."

Màmá Damaris ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Àna mi o! Ó lọ láìjẹ uyán mi!"

Ó sunkún débi pé omi lé sójú Tíṣà náà, nítorí kò sí magasínì tó ròyìn Akọ-Òkúta tí kò rà.

"Ẹ mọ́kàn le, Màmá. Ẹni tó lọ ti lọ. Ẹ jẹ́ kí Fúnmi fẹ́ ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn báwo? Mo ti ṣe àmín sí i. Aya ulé wọn ni. Àfi kí àbúrò òkú wá ṣú u lópó."

Kíá, Tíṣà ti tún dọ̀bálẹ̀, ó na gbalaja sórí èèpo ẹ̀gúsí pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun.

"Màmá, èmi ni àbúrò rẹ̀."

"Àbúrò ta ni?"

"Àbúrò Akọ-Òkúta. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni wá."

"Ìyẹn lo ṣe mọ ìdí rẹ̀ tó báyìí!"

"Ìyẹn ni, Màmá."

Màmá Damaris nu ojú. Ó wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Mo gbà. Ùwọ lo ni ín."

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Tíṣà. Ó fò dìde, ó sáré dé ìdí alùpùpù rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣeun o! Mo ń lọ bá Fúnmi ní Ìlọrin báyìí báyìí!"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ùwọ ni kó o lọ túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ fún un."

Màmá Damaris tẹ̀ lé e, ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú gírígírí.

"Fi alùpùpù sílẹ̀, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ òkú kì í dúró de bẹntiróòlù. Fò lọ."