Ìjókòó Kejì Lórí Kẹ̀kẹ́ Mi

Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi gba àárín Ọ̀kà kọjá, bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rín in báyìí, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àlájì, ọ̀gá wa, ní òfin kan: òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, iye tí òun fi rà á ni yóò san, òun kò ní lé èrè kankan lé e, ṣùgbọ́n dandan ni kó máa gùn ún wá síbi iṣẹ́ kí àwọn oníbàárà lè rí i. Wọ́n ní ẹni tó ń ta ọṣẹ kò gbọdọ̀ máa rùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe di ẹni tó ń gun ohun tó ń tà. Mùrí, tó ń bá wa tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ń gun pupa kan tó ń dán yanran. Èmi nìkan ni mò ń wọ ọkọ̀ wá láti Ọ̀kà, nítorí òkè ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Lọ́jọ́ kan ẹrù tòkunbọ̀ dé, a sì bá kẹ̀kẹ́ kan nínú rẹ̀ tó gùn bí àkàbà. Ìjókòó méjì, háńdù méjì, pẹ́dàlì níwájú, pẹ́dàlì lẹ́yìn. Ẹni méjì ló yẹ kó máa wà á pọ̀. Kò sẹ́ni tó rà á. Àgbẹ̀ kan láti Ugbè wò ó títí, ó ní ṣé àwọn òyìnbó tó ṣe é kì í ní ẹrù tí wọ́n fẹ́ rù ni. Ó wà ní kọ̀rọ̀, èmi ni mò ń nù ún, gbogbo ìgbà tí mo bá sì nù ún ni mo máa ń rántí Bọ́sẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ni ìyàwó mi. Ó wà ní Ìlú Ọba, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ, alaalẹ́ ló ń pè mí. Nígbà tó yá, ó di ọjọọjọ́ Sánńdè. Nígbà tó tún yá, èmi ni mò ń pè, fóònù á dún títí á fi rẹ̀ ẹ́. A ò tíì bímọ. Yàrá méjì tí a gbà ní Ọ̀kà ṣófo débi pé bí mo bá húkọ́, ohùn ara mi ló ń dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù ń bà mí pé ìyàwó mi ti ń gbàgbé mi, n kò sì rí ẹni sọ fún. Ìyẹn ló sún mi ra kẹ̀kẹ́ náà. Mo ní bó bá dé lọ́dún Kérésì, èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ìjókòó rẹ rèé. Àwòrán ojú kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín, ẹyọ kan péré, ni èsì tí mo gbà.

Òfin Àlájì kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ti rà á, mo gbọ́dọ̀ gùn ún. Ohun tí n kò rò ni pé ṣéènì ló so pẹ́dàlì iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn. Bí mo bá ti ń wà á níwájú, tẹ̀yìn náà á máa yí, láìsí ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Mùrí ní òun lè bá mi tú u. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pẹ́dàlì Bọ́sẹ̀ ni.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, ní Àkùngbá, ọlọ́kadà kan sáré bá mi, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹnì kejì yín ti já bọ́ o!” Kí n tó lanu, ó ti ṣẹ́rí padà lọ wá a nínú koríko. Èmi ọ̀dẹ̀ dúró láti ṣàlàyé fún un, làwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá yí wa ká, kálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bí mo ṣe tún gbéra, ọ̀kan nínú wọn wo ìsàlẹ̀, ó rí pẹ́dàlì ẹ̀yìn tó ń dá yí, ó sì figbe ta. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ nídìí òkè ní Ọ̀kà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe rí kẹ̀kẹ́ gígùn yẹn, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀ o, tọkọtìyàwó.” Ó yẹ kí n sọ fún un pé èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí wa ní ẹni méjì. Ó dùn mọ́ mi nínú, ni mo bá dáhùn pé, “Àwa méjèèjì dúpẹ́ o, Bàbá.” Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́. Wọ́n wo ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n wo pẹ́dàlì tó ń yí, wọ́n sì rọra gbé ẹ̀gẹ́ wọn wọlé.

Ìyá onílé mi ló wá parí iṣẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: bí wọ́n bá béèrè ẹni rẹ tó wà lájò, wàá ní, ó ní kí n kí yín. Èmi náà ń jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìpè Bọ́sẹ̀ dín kù, n kò rí ìkíni jẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ purọ́, ni mo bá ń dáhùn pé, “Ó wà,” màá sì yára wọlé. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá. Àṣé ìyá onílé ti ń kíyè sí mi. Nígbà tí ìròyìn pẹ́dàlì dé etí wọn, wọ́n rò ó pọ̀, ó sì yé wọn: Bọ́sẹ̀ ti kú sókè òkun, mo fi í pa mọ́, òun ló wá ń tẹ̀ lé mi kiri. Ọ̀rọ̀ náà àti fídíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ gúnlẹ̀ sí Èpìnmì, ìlú ìyá ìyàwó mi.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ẹkún. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló wọlé, gèlè ní ìbàdí, àbúrò bàbá Bọ́sẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Wọn kò ní kí n dìde. Wọ́n ní, “O ò sọ fún mi.” Mo ní nínú ara mi pé ó parí, àwọn ará Ìlú Ọba ti pe ilé wọn dípò mi. Ni mo bá bú sẹ́kún. Bí wọ́n ṣe rí i tí mo bú sẹ́kún, ó dá wọn lójú, wọ́n ju ara wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ju ara wọn sílẹ̀, ó dá èmi náà lójú. A jọ sunkún títí, ìyá onílé ń gbè é. Gbogbo èrò burúkú tí mo ti ń rò, pé bóyá ó ti rí ẹlòmíràn, mo ń tọrọ àforíjì rẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó ṣáà wà láàyè, kó má tilẹ̀ pè mí mọ́ láé.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ló béèrè pé ta ló mú ìròyìn náà wá gan-an. Mo nawọ́ sí ìyá ìyàwó mi. Ìyá ìyàwó mi nawọ́ sí mi. Gbogbo wa yíjú sí ìyá onílé, ìyá onílé sì nawọ́ sí kẹ̀kẹ́.

Mo pe Bọ́sẹ̀. Kò gbé e. Mo tún pè é. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó sì rí gbogbo wa pẹ̀lú ojú wíwú.

“Ta ló kú?” ó béèrè.

“Ìwọ ni,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó ní arúgbó kan ń dúró de òun ní balùwẹ̀, òun á pè padà, ó sì pa fóònù. Òkú tí a ń sunkún rẹ̀ ò ráyè.

Bí ìyá ìyàwó mi ṣe nu ojú tán, ẹkún di ìbínú. Wọ́n ní ṣé gbogbo Ọ̀kà ló ń pe ọmọ àwọn ní òkú? Àwọn á fi hàn wọ́n pé ìjókòó lásán ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní àna ẹni kì í ṣe ẹrù kẹ̀kẹ́. Kí n tó bẹ̀bẹ̀ tán, wọ́n ti ká ìró sókè, wọ́n ti gùn ún. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò burú. Wọ́n ń kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń sọ fún wọn pé ẹlẹ́ran ara ni àwọn. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ń bá mi wà á. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ló kó bá wa. Mo ní kí wọ́n dẹ ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, wọ́n tún kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Bíréèkì han gooro, ó sì dákẹ́. Orí àpáta tí àwọn obìnrin yẹn sá láfún sí la balẹ̀ sí.

Ọlọ́run yọ wá, eegun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dìde, láti orí dé ẹsẹ̀, a funfun báláú. Àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wò wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá ìdí òkè nìkan ni kò sá. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tọkọtìyàwó.” Títí di òní, èmi àti ìyá ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀ bàbá yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bọ́sẹ̀ pè. Òun ló pè fúnra rẹ̀. N kò mọ ẹni tó yà á, àmọ́ fọ́tò ìyá rẹ̀ nínú láfún ti dé Ìlú Ọba kí n tó wẹ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán, omi ojú kò dá.

“Gbogbo ìgbà tí mo bá pè,” ó ní, “wàá ní kò sí wàhálà, gbogbo nǹkan ń lọ. Mo bá ń rò ó pé ó ti mọ́ ọ lára pé n kò sí níbẹ̀.”

Mo fẹ́ sọ pé kò sí wàhálà. Ó ti dé ètè mi.

“Bọ́sẹ̀,” mo ní, “ilé yìí ṣófo. Àárò rẹ ń sọ mí.”

Ó ní òun kò ní lè wá ní Kérésì, wọn kò fún òun láàyè. Ó dùn mí, mo sì sọ fún un pé ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ yẹn la jọ sọ títí bátìrì fóònù mi fi kú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju báyìí lọ: ẹni tó bá ń dá jókòó, kó sọ ọ́ síta. Bí kò bá sọ ọ́, aráyé á bá a wá ẹni tí yóò jókòó tì í, wọn ò sì ní bìkítà bóyá ẹni náà ti kú tàbí ó wà láàyè.

Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ náà. Bí ìyá onílé bá béèrè ìyàwó, màá ní ó ní kí n kí wọn, òótọ́ sì ni. Mùrí tún ní kí òun tú pẹ́dàlì ẹ̀yìn, mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Òkè Ọ̀kà kò mọ̀ pé ẹnì kejì mi wà ní Ìlú Ọba. Èmi nìkan ni mò ń gbé e gùn. Níbi tí èémí ti máa ń fẹ́ tán, màá bojú wẹ̀yìn wo pẹ́dàlì tó ń dá yí, màá ní, “Bọ́sẹ̀, wà á dáadáa,” màá sì dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wà nítòsí.