Mọ́tò Pupa Tísà Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Irókò fi ń pa á lówe pé, "Ẹnu púpọ̀ ló ń yan mọ́tò, ìdí kan ṣoṣo ló ń jókòó wà á"? Àwọn kan á ní àwọn baba ńlá wa ló fi sílẹ̀ fún wa. Irọ́ ni. Àwọn baba ńlá wa kò ní mọ́tò. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni òwe náà délé ayé, ẹni tó sì kọ́kọ́ pa á kò sí ní ipò tí àgbàlagbà ti ń pa òwe. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ibi tó wà.

Tísà Àwẹ̀ró ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, tó fi jẹ́ pé ekukáká ni ẹ fi lè rí ẹni tó mọ̀wé kà ní Òkè-Irókò tí kò jẹ ẹgba rẹ̀ rí. Kò ga. Bó bá ń kọ̀wé sí pátákó, ìsàlẹ̀ pátákó ni ìwé rẹ̀ máa ń wà, àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn á sì dìde dúró kí wọ́n tó rí i. Ṣùgbọ́n bó ti kúrú tó yẹn, ìrìn ẹni tí òrùlé fẹ́ẹ́ kàn lórí ni ó ń rìn.

Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Ìdó-Àpáta, abúlé tó fi máìlì méje jìnnà sí ìlú. Ọkùnrin náà ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà nínú ògbólógbòó mọ́tò rẹ̀, lórí tìmùtìmù kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó máa ń wí fún un pé, "Àwẹ̀ró, ọjọ́ tí o bá dá wa mọ́tò wọ ọgbà ilé ìwé mi, n ó ṣí fìlà fún ọ." Ẹni tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni ni o. Nígbà tó yá, mọ́tò náà kú. Orúnkún òsì Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ papò dà. Ọ̀rọ̀ fìlà ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Gbèmísọ́lá, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tẹ ìyá rẹ̀ láago.

"Màmá, mo fẹ́ ra mọ́tò tuntun fún yín. Irú èwo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni, kí orúnkún mi lè sinmi. Kó sì máa sáré."

"Kó máa sáré kẹ̀, Màmá?"

"Ṣé òkú ni mo fẹ́ máa fi gbé ni?"

Gbèmísọ́lá rẹ́rìn-ín títí. Ó mú irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà: mọ́tò kékeré, ìdí rẹ̀ gé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú àṣá tó rí òròmọdìẹ. Ó ku àwọn nǹkan tí wọ́n lè fi kún un. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣídà tó ń ta mọ́tò gbé ìwé wọn wá láti Ìbàdàn, ó ní kí Màmá mú márùn-ún tó bá wù ú.

Tísà mú òun àti ìwé náà lọ sí ilé Bàbá Láoyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti olórí ẹbí, kí ó kàn súre sí i. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyàwó kì í dàgbà nílé ọkọ ní Òkè-Irókò. Bó lé ní ọgọ́ta ọdún, ìyàwó náà ni. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí kí ó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n; kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ wò wọ́n lójú kó ní òun kò fẹ́. Bàbá Láoyè, ọkùnrin tí ìbàdí rẹ̀ ń kún ẹnu ọ̀nà, gba ìwé náà. Dípò kó súre, ó béèrè gègé.

"Àwọ̀ wo ni ká mú, Màmá?" ni Adéṣídà bi Tísà.

"Pupa," ni Bàbá Láoyè dáhùn. "Pupa tí àwọn ọ̀tá máa fi mọ̀ pé a ò tíì kú tán nílé yìí."

Àǹtí Ṣíjúadé, àbúrò ọkọ Tísà, sún àga mọ́ wọn. "Kí òrùlé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì."

"Ìdílẹ̀kẹ̀ mi," ni Tísà wí jẹ́ẹ́, nítorí orúkọ tó fi ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, "oòrùn ńkọ́?"

"Oòrùn mọ ẹni tó ń pa."

Bùọ̀dá Tìámíyù ló kàn, àbíkẹ́yìn ilé, tó fi ogún ọdún wa tírélà, tó sì ti ń wo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà lójú kí wọ́n tó ra mọ́tò. Òun mú méjì lẹ́ẹ̀kan náà: sàléńsà tó ń bú ramúramù, àti gíláàsì dúdú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní, "Kí wọ́n gbọ́ wa kí wọ́n tó rí wa. Bí wọ́n bá sì rí wa tán, kí wọ́n má rí wa."

Adéṣídà fi gègé họ orí. "Ó ku ẹyọ kan. Ìjókòó kan wà tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń wa mọ́tò bá ṣe ga sí. Òmíràn wà tí àwọn eléré ìje ń lò. Ìyẹn jìn bí igbá, ó ń gbá èèyàn mú ní ìbàdí, kò sì ń gòkè. Ẹ kò lè mú méjèèjì." Ó wo Tísà láti orí dé ẹsẹ̀, ìrìn àjò náà kò sì gba ojú rẹ̀ ní àkókò púpọ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa wà á. Èwo ni ká mú?"

Tísà la ẹnu.

"Ti eléré ìje!" ni Bàbá Láoyè ké. "Èwo ni gòkè, sọ̀ kalẹ̀? Ṣé àga onígbàjámọ̀ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adéṣídà ṣì ń wo Tísà. Tísà pa ẹnu dé, ó tún un ṣí. "Ohun tí Bàbá bá wí náà ni."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé mọ́tò dé. Gbogbo ẹbí ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán ni Tísà tó ráyè jókòó sínú rẹ̀. Ó rì. Ó rì bí òkúta tí wọ́n sọ sínú odò. Sítíárì dúró lókè orí rẹ̀ bí òṣùmàrè. Àárín ihò rẹ̀ nìkan ni ó ti lè yọjú wo ọ̀nà. Ó lọ sí yàrá ọkọ rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù àtijọ́ jáde, ó gbọn eruku rẹ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni Bùọ̀dá Tìámíyù yọ.

"Ìyàwó wa, bí kò bá rọrùn, ẹ sọ o. Èmi wà níbẹ̀."

"Ó rọrùn bí ẹní," ni Tísà wí. Ó dá tìmùtìmù padà sí ibi tó ti mú un.

Ẹ má bá a wí. Bàbá Láoyè ti fi òfin lélẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé náà ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ọ̀gá àgbà sọ ilé ìkàwé tuntun ní Ìdó-Àpáta. Bàbá ní, "Ìyàwó wa, dá wà á wá. Bí mọ́tò bá dé láìní ojú ọgbẹ́, tí kò sì kọlu ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́rọ́ di tìrẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Tìámíyù ni yóò máa gbé ọ kiri títí ọjọ́ alẹ́." Ẹni tó bá gbé tìmùtìmù jáde lójú Tìámíyù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Gbogbo ẹbí ti ṣáájú lọ nígbà tí Tísà kúrò nílé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ Sátidé. Gèlè dúdú tó wé bá àwọ̀ ìjókòó mu régí. Ó fa jíà sílẹ̀, mọ́tò bú ramúramù, ó sì rọra gbéra.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Sàlámì tó ń lẹ táyà ní oríta. Sàlámì wo iwájú mọ́tò, kò rí ẹnì kankan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúdú. Ó sọ táyà nù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Yéè! Ó ń wa ara rẹ̀!"

Láti àárín ihò sítíárì, Tísà rí ọwọ́ méjì lókè. Inú rẹ̀ dùn. "Sàlámì ló ń yẹ́ mi sí yìí. Ọmọ tí mo nà dáadáa ni." Ó tẹ fèrè fún un. Bí fèrè ṣe dún, Sàlámì dojú bolẹ̀. "Á à! Ó tún ń dọ̀bálẹ̀," ni Tísà wí, orí rẹ̀ sì wú.

Níwájú díẹ̀, àwọn bíríkìlà tó wà lórí ògiri fò sẹ́yìn ògiri. Tísà ní àwọn náà ń sáré lọ pe ẹnì kejì wọn wá wòran. Ó tún tẹ fèrè. Obìnrin kan tó ń sá gààrí fi aṣọ borí. Tísà kùn pé irú ìtìjú báyìí dára lára obìnrin.

Ó dé ibi tí àwọn ọdẹ ti ń ṣọ́ ọ̀nà. Olórí wọn, Ògúndípẹ̀, tí wọ́n ní ó bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà rí, na ọwọ́ síta kí mọ́tò dúró. Mọ́tò dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ògúndípẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú gíláàsì iwájú. Òfìfo. Tísà, ẹni ẹ̀kọ́, sì na ọwọ́ sókè láti kí i. Ìka márùn-ún rọra yọ láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń jù sọ́tùn-ún jù sósì.

Wọ́n ní bàtà Ògúndípẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ ráúráú.

"Ó lọ sọ fún àwọn ará oko," ni Tísà wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta ti ń tẹ̀ lé òun lókèèrè, pẹ̀lú ewé tútù níwájú ọkadà wọn, àti pé wọ́n ti ń pe Ìdó-Àpáta: "Mọ́tò kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o! Pupa ni! Kò séèyàn nínú rẹ̀!"

Nígbà tí Bàbá Láoyè gbọ́ ìró sàléńsà lábẹ́ àtíbàbà ilé ìwé, ó fi àwọn àlejò lọ́kàn balẹ̀. "Ẹ jókòó. Mọ́tò wa nìyẹn. Èmi ni mo yan ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀." Mọ́tò wọ ẹnu géètì. Bàbá wo inú rẹ̀. Ó tún un wò. "Tìámíyù," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré, "àbúrò mi ló wà á bọ̀. Ó wá síbi tí a ti fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé."

Ẹ ò rí àgbà tó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Bùọ̀dá Tìámíyù gun igi táǹkì omi. Àǹtí Ṣíjúadé wọ abẹ́ tábìlì, gèlè rẹ̀ sì kọ̀ láti bá a wọlé. Bàbá Láoyè forí lé ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Nígbà tó fẹ́ fo kòtò, fìlà rẹ̀ ṣí bọ́ sílẹ̀, fìlà náà sì yí gbirigbiri títí dé iwájú mọ́tò.

Tísà tẹ bíréèkì. Ó pa mọ́tò. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ara rẹ̀ jáde, ó tún gèlè ṣe, ó kúnlẹ̀ kí àtíbàbà. "Ẹ kú ìjókòó o."

Àga ọgọ́rùn-ún, kò sí ẹyọ ẹnì kan lórí wọn.

Láti ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni ohùn kan ti wá. "Ta ló wa mọ́tò yẹn wá?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ibo lo jókòó sí?"

"Ibi tí ẹ yàn fún mi náà ni, Bàbá."

Bàbá Láoyè jáde láìní fìlà. Ó yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo lára rẹ̀, kò rí i. Kò gbà. Ó ní kò sí bí ìjókòó ṣe lè gbé èèyàn mì báyẹn, kí òun fúnra òun wò ó. Ó fi ìdí wọlé. Ìjókòó eléré ìje gbá a mú ní ìbàdí, bí Adéṣídà ti wí gẹ́lẹ́, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n ọ́n sósì. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta dì í ní apá, Bùọ̀dá Tìámíyù sọ̀ kalẹ̀ dì í ní ẹsẹ̀. Kò yọ.

"À bá kúkú ti yan ti onígbàjámọ̀ o!" ni ohùn kan wí lábẹ́ tábìlì.

Níbẹ̀, nínú ìjókòó náà, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ lábẹ́ òrùlé onígíláàsì, ni Bàbá Láoyè ti ronú bí àgbà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ìyàwó ilé wọn.

"Gbà," ni ó wí. "Ẹnu púpọ̀ ló ń yan mọ́tò, ìdí kan ṣoṣo ló ń jókòó wà á."

Tísà fi orúnkún ọ̀tún kan kúnlẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó fẹ́ dìde ló rí fìlà nílẹ̀. Ó gbé e, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nù bó ti gbọn tìmùtìmù lọ́jọ́sí, ó sì wo orí àgbà náà tó ń dán nínú oòrùn. Irú orí kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní. Kò tètè dá fìlà padà. Ó dì í mú, ó wo àwòrán ọkọ rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó sì nàró bí ẹni tí òrùlé fẹ́ẹ́ kàn lórí.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "mo dá wà á wọ ọgbà yín. Wọ́n sì ṣí fìlà náà."

Orí tìmùtìmù ló ń jókòó sí láti ọjọ́ náà, gbogbo ìlú sì ń rí i. Sàlámì ṣì ń dọ̀bálẹ̀ bí Tísà bá ń kọjá. Bí ẹbí kan bá sì péjọ ní Òkè-Irókò láti bá ẹlòmíràn yan ohun tó fẹ́ fi ara rẹ̀ lò, àgbà kan á wúkọ́, á fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, á ní: ẹ rọra o, ẹnu púpọ̀ ló ń yan mọ́tò, ìdí kan ṣoṣo ló ń jókòó wà á.