Òrìṣà Ìfẹ́ Inú Pálọ̀ Alhaji Yàhàyá

Bí ẹ bá dé Swords, ìlú ẹ̀gbẹ́ Dublin ní Ireland, lọ́dún 2005, tí ẹ kò mọ Alhaji Yàhàyá, ẹ ní sùúrù. Òun fúnra rẹ̀ á wá sọ fún yín. Yàhàyá Ọlọ́kọ̀-akẹ́rù! Arẹwà tí í kí dígí kó tó kí ìyàwó!

Owó pọ̀ ní Dublin nígbà náà, ojú tó mọ ohun tó dáa ló wọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń lu ẹrù ilé ọlọ́lá kan ní gbàǹjo ni Alhaji ti ra àwòrán ràgàjì kan, irú èyí tí àwọn ará Ítálì ń yà láyé ọjọ́un. Òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù ni: ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ oníhòòhò, abìyẹ́, tó mú ọrun àti ọfà dání.

Ojú ọmọ náà nìkan ni kò tẹ́ Alhaji lọ́rùn. Ó pe ayàwòrán kan.

"Pa ojú yẹn rẹ́. Tèmi ni kó o fi síbẹ̀. Má gbàgbé irùngbọ̀n."

Wọ́n kàn án mọ́ ògiri gbọn-in.

Kò pẹ́, mọ́ṣáláṣí wa ń wá Bàbá Àdínì. Alhaji fẹ́ oyè náà bí aláàwẹ̀ ṣe ń fẹ́ omi. Àwọn àgbà ní àwọn ń bọ̀ nílé rẹ̀ wá wé láwàní fún un.

"Bàbá Nàbílà, ẹ yọ nǹkan yìí," ni Rafiat ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹwà báyìí? Fi kọ́tìnì bò ó!"

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tẹ̀yìn kọ́tìnì Alhaji ju èje àti ẹ̀jọ lọ.

Àwọn àgbà dé. Ìmáàmù Sofiyullah ti na láwàní sílẹ̀ kó tó rí kọ́tìnì náà.

"Alhaji, kí ló wà lẹ́yìn ìyẹn?"

"Àwòrán Mẹ́kà ni, sà. Mo ń bò ó nítorí eruku."

Ìyá Ṣubúọlá, àgbà obìnrin mọ́ṣáláṣí, tí kò tíì rí owó Hájì, dìde pẹ̀lú omijé lójú.

"Mẹ́kà kẹ̀! Ẹ jẹ́ n fojú kàn án kí n tó kú."

"Ẹ jókòó, Màmá, it's grand, kò sí wàhálà, ẹ má ṣe—"

Màmá ti fà á.

Ìyẹ́ rèé, ìdí gbalaja rèé, irùngbọ̀n Alhaji rèé lórí rẹ̀. Màmá fọwọ́ bojú, ó sì tún yọjú láàárín ìka.

Nàbílà, ọmọ wọn tí wọ́n tọ́ ní Dublin, tó ń gbé tíì bọ̀, dúró gbagidi. "Ah here, Daddy! Is that you?"

Ìmáàmù ká láwàní rẹ̀ padà sínú báàgì.

"Alhaji, ẹ má bínú. Bàbá Àdínì la fẹ́ fi yín jẹ. A ò mọ̀ pé ẹ ti di òrìṣà."