Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpáílà Gba Olúmọ fún Máàkì

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé ẹ̀kọ́ wa lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Wọ́n fẹ́ yan olórí yàrá rẹ̀. Èmi àti Ṣódípẹ̀, àbúrò tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní Lisp, là ń du ipò náà.

Lisp ni èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpáílà ni ògbufọ̀ tó ń tú u sí èdè ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ṣé ògbufọ̀ yìí lè máa yẹ nǹkan wò bó ti ń túmọ̀ wọn? Mo bá kọ ìbéèrè kan fún un nínú iṣẹ́ tó ń ro máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀: ‘Ṣé nọ́ńbà ni èyí?’ Bó bá jẹ́ nọ́ńbà, kí ìdáhùn jẹ́ BẸẸNI. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, RARA. Wọn kò tọ́ mi láti dákẹ́ sí ẹni tó bi mí léèrè.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú àfihàn tí a ó ṣe fún ọ̀gá àgbà, mo fi han Ṣódípẹ̀. “Ó ti dáa, àbí?” Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo bàtà rẹ̀, kò fèsì. Mo ní ìlara ló ń ṣe é.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà dé, mo fọ́nnu ju bó ti yẹ lọ. “Ẹ kọ ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà síbi máàkì yìí, sà. Kò ní gbà á.” Wọ́n fi ìka kan tẹ OLUMO. Kọ̀ǹpáílà gbà á wọ̀ọ̀, kò tilẹ̀ ráhùn.

“Ìyáàfin, ìgbà wo ni Olúmọ di nọ́ńbà?”

Mo sáré ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bóyá yóò gbà mí sílẹ̀. Ó ń ro máàkì pọ̀ lọ, ó kan Olúmọ, ó dákú. Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn: “Ta ní lè ro àpáta mọ́ máàkì?”

Ìgbà yẹn ni Ṣódípẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn. “Àǹtí, òfìfo nìkan, bí ẹni tí kò fèsì, ni Lisp mọ̀ sí rárá. Ohunkóhun mìíràn tí ẹ bá fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ló kà á sí. RARA tí ẹ kọ kì í sì í ṣe òfìfo.”

“O ti mọ̀ látàná?”

“Àǹtí, ṣé mo dáhùn ni?”

Òun ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá fún. Nílé wa, ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpáílà, ẹni tó dákẹ́ ló kọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, mo sì fi ipò san owó rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, Ṣódípẹ̀ pàdé mi ní Kútọ̀, orí rẹ̀ ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀. “Àǹtí, ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

Mo wo bàtà mi, n kò fèsì. Ìgbà tó lọ tán ni ẹ̀rín tó pa mí.