Ọba Gbàǹgbàlókè Tí Ilá Pa

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó jẹ́ pé òkú ló pe alààyè lẹ́jọ́. Òkú náà wọ agbádá funfun, ó jókòó sórí àga, ó ń fa omi inú ọ̀rá mu, inú sì ń bí i burúkú.

Kábíyèsí ò sí nílé. Olóyè Dúrójaiyé ló jókòó dípò wọn, Olóyè Ayọ̀túndé sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Olúyẹ́misí, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń yàwòrán jẹun. Kò ro ó rí láyé rẹ̀ pé wọ́n lè fẹ̀sùn ìpànìyàn kan òun.

"Pírínsípà," ni Olóyè Dúrójaiyé wí, "ẹ ní kí ni ọmọ yìí ṣe?"

Bàbá Akínlẹ́yẹ, pírínsípà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde. "Ó pa mí, Olóyè."

"Ó pa yín?"

"Ó pa mí fin-ín fin-ín. Ọbẹ̀ ilá ló fi pa mí."

Olóyè Ayọ̀túndé na ọrùn síwájú. "Ó fi májèlé sí i ni?"

"Rárá o! Ó dà á sílẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yọ̀, mo ṣubú, ó parí. Èmi tí mo gé orí ejò olórí méje!"

Àwọn olóyè méjèèjì wo ara wọn. Olúyẹ́misí rí i pé bí òun ò bá tètè là á yé wọn, ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, eré ni o. Ìgbà tí Dádì mi àti Dádì Akínlẹ́yẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á jẹ́ èèyàn inú ìtàn náà. Kálukú á sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bó bá fẹ́ gé orí ejò, á ju dáìsì lúdò. Bó bá bọ́ sí ẹẹ́fà, ó gé ejò. Bó bá bọ́ sí oókan, ejò gbé e mì. Ìlú tí ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Gbàǹgbàlókè."

"Ibo nìyẹn?" ni Olóyè Ayọ̀túndé bi í. "Ṣé ọ̀nà Atosin ni, àbí ọ̀nà Òfòsù?"

"Kò sí níbì kankan, sà. Inú orí wa ló wà."

"Orí ta ni?"

"Orí gbogbo wa, sà."

"Kò sí nínú tèmi o."

"Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀," ni Olóyè Dúrójaiyé wí. "Ta ló wá ń jọba níbẹ̀?"

"Èmi ni!" Bàbá Akínlẹ́yẹ lu àyà. "Jagunmọ́lù Kìn-ín-ní!"

Olúyẹ́misí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní eré náà ti sùn tipẹ́, ó sì ń dun òun. Ó ní òun ní kí òun jí i dìde fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Òun tún ìlú náà yà. Òun fi obìnrin sáàárín àwọn jagunjagun. Òun ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ orí òkè, kí àwọn àjẹ́ má baà máa fò kiri mọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ránṣẹ́ síra wọn. Ní báyìí, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn ọ̀dọ́ ń kún iwájú ilé àwọn fọ́fọ́.

"Ó dáa," ni Olóyè wí. "Kí ni ọba wá ṣe fún ọ?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà. Ó ti ṣe gbogbo nǹkan tán ni. Gbogbo ejò ló ti pa. Gbogbo ìṣúra ló ti kó. Bí àwọn ọmọ yìí bá dé, kí ni wọ́n á rí ṣe? Kí wọ́n máa gbálẹ̀ ààfin?"

"O ò wá rí nǹkan mìíràn fi pa á, àfi ilá?"

"Olóyè, mo gbìyànjú! Ogun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó pa á. Ṣùgbọ́n Dádì Akínlẹ́yẹ ti fi ajẹ́bíidán sí i lára. Idà ò ràn án, ọfà ò ràn án, iná ò ràn án, májèlé ò ràn án, omi ò lè gbé e lọ. Mo wá gbogbo ara rẹ̀ títí. Kò sẹ́ni tó rántí ilá."

Bàbá Akínlẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ronú sí i.

"Òótọ́ ni," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "A gbàgbé ilá." Lẹ́yìn náà ni inú tún bí i. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún àwọn ọmọ yẹn! Ó ní, 'Ọba yọ̀, ó kú, wọ́n nu ilẹ̀.' Ó tán! Olóyè, ṣé ọba máa ń kú ni?"

Àwọn olóyè méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Èèwọ̀! Ọba kì í kú!"

"Ó ní mo kú, bí ewúrẹ́! Wọ́n sì nu ilẹ̀!"

Olúyẹ́misí dojú bolẹ̀. Ó mọ̀ pé ibi tí òun ti jẹ̀bi nìyẹn.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Bàbá Benedict, bàbá Olúyẹ́misí, ló jáde, ẹni tó ń pa ìtàn eré náà láyé ọjọ́un.

"Olóyè, ọmọ mi ò pa ọba kankan. Ọba yìí ti wàjà kí n tó bí i. Ejò ló gbé e mì."

"Irọ́!" ni Bàbá Akínlẹ́yẹ ké. "Ẹẹ́fà ni mo jù!"

"Oókan ni."

"Ẹẹ́fà!"

"Akínlẹ́yẹ, ojú mi ló ṣe! Oókan ni. Mo yíjú síta láti pe àwọn èèyàn wá wòran rẹ, ìgbà tí mo máa yíjú padà, ó ti di ẹẹ́fà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

"Ojú yín ò ṣe yín." Mama Olúrónkẹ́, ìyàwó Bàbá Akínlẹ́yẹ, ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Oókan ni. Èmi ni mo fi ìka yí i."

Bàbá Akínlẹ́yẹ yí gbogbo ara. "Rónkẹ́! Ibo lojú tèmi wà?"

"Ẹ dijú. Ẹ̀rù ejò ń bà yín."

"Kí ló dé tó o fi yí i?"

"Ẹ ṣèlérí pé bí ẹ bá gé orí ejò náà, tí ẹ sì jọba, ẹ máa fi mí ṣe olorì. Mo sì fẹ́ jẹ olorì."

Ẹ̀rín bú jáde bí ìgbà tí òrùlé ń wó. Olóyè Ayọ̀túndé fi fìlà bo ojú. Olúyẹ́misí pàápàá rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ tó wà.

"Ìyẹn ni pé," ni Bàbá Akínlẹ́yẹ bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "láti ọjọ́ yìí wá, inú ejò ni mo wà?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, olówó orí mi." Mama Olúrónkẹ́ kọjú sí olóyè. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilá ló ń dun ọkọ mi o. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù tó dáa, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ náà láti ojúlé kejì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lu Olúyẹ́misí láyà.

"Sà," ó wí fún Bàbá Akínlẹ́yẹ, "mo máa ń rí yín níbẹ̀. Mo rò pé ariwo wa ló ń bí yín nínú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n rọra, kí Pírínsípà má wá lé wa."

"Mo ń dúró kí ẹ ké sí mi ni," ni Bàbá Akínlẹ́yẹ wí, ó fi etí agbádá nu ojú.

Àwọn olóyè forí korí. Wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí, ó sì dà bíi pé ìjà ń bẹ níbẹ̀, nítorí gbogbo èèyàn gbọ́ tí Olóyè Dúrójaiyé ní, "Mo ní èmi ni!" Lẹ́yìn náà ó jókòó dáadáa, ó wúkọ́.

"Bí ejò ló gbé e mì, bí ilá ló sì yọ̀ ọ́ ṣubú, Jagunmọ́lù ti lọ. A ò lè jí òkú. Ṣùgbọ́n kò kú. Ó wàjà ni. Olúyẹ́misí, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ni ẹ máa sin ín bí a ti ń sin ọba, ẹni tó nu ilẹ̀ ni yóò sì ṣáájú ẹkún. Mama Olúrónkẹ́ fi ìka kan ṣoṣo fi ọba jẹ, nítorí náà, òun ni olórí àwọn afọbajẹ Gbàǹgbàlókè láti òní lọ. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan dáìsì mọ́."

"Èmi ńkọ́, Olóyè?" ni Bàbá Akínlẹ́yẹ bi í.

"Ẹni tó lọ máa ń padà wá. Wọ́n á tún yín bí. Ẹ ò ní ajẹ́bíidán, ẹ ò ní idà, ẹ ò ní eyín. Olúyẹ́misí ni yóò máa pọ̀n yín nínú ìtàn, Benedict ni yóò máa fọ ìtẹ́dìí. Títí ẹ ó fi mọ̀rọ̀ sọ, ìngà nìkan lẹ lè sọ níbi eré yẹn. Ejò tó bá sì tún jáde nínú igbó, èmi ni."

Olóyè Ayọ̀túndé kọ ojú sí ògiri.

"Ọmọkùnrin ni mo máa jẹ́ ṣá," ni Bàbá Akínlẹ́yẹ wí.

"Ẹ ju dáìsì. Bí iye rẹ̀ bá ṣe é pín sí méjì dọ́gba, ọkùnrin. Bí kò bá ṣe é pín, obìnrin. Ẹ lajú o!"

Bàbá Benedict yọ dáìsì lápò. Bàbá Akínlẹ́yẹ mì ín, ó jù ú. Ó yí lórí ẹní, ó kọjá orúnkún Olúyẹ́misí, ó dúró. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ẹẹ́ta ni.

"Obìnrin!" ni Mama Olúrónkẹ́ ké. "Ẹ sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún!"

Olúyẹ́misí dìde, ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ níwájú àgbàlagbà náà. "Ó yá, Rẹ̀mí. Ẹ wá gun ẹ̀yìn."

Pírínsípà tí odidi ilé ìwé ti máa ń wárìrì fún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu gbàgàdà.

"Ìngààààà!"

Ó ké e dáadáa débi pé obìnrin kan tó ń kọjá lójú títì yà wọlé, ó ní kí wọ́n tètè fún ọmọ náà ní ọmú.