Ẹ-wò-mí Nínú Ọkọ̀ Tí A Kì Í Rí Inú Rẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń sanwó oṣù fún, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-wò-mí yìí ì bá ti kọ́lé mẹ́rin. Kì í ṣáà wọlé lásán bí ẹ̀yin àti èmi. Ó gbọ́dọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilé lè mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Bó bá sì ra bàtà tuntun, á bi yín bóyá tiyín kì í dun yín lẹ́sẹ̀.

Ọdún méje ló fi ṣọ́ géètì ilé ìwé kan. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, kò bú u rí nítorí ẹ̀. Àmọ́ bí àlejò bá ti bi Màmá pé kí ni ọkọ ọmọ wọn ń ṣe, Màmá á ní, "Ó ń ṣílẹ̀kùn." Gbólóhùn kékeré yẹn ń ta á lára ju ẹgba lọ.

Nígbà tó wá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ onírin kó owó báńkì ń wá òṣìṣẹ́, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa fi kọ́ wọn níṣẹ́, ẹni tó bá sì ta yọ nínú wọn ni wọ́n máa fi ṣe olórí ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀gbẹ́ni fi délé sọ fún Màmá pé òun ti gbapò. Màmá ní ó dáa, àwọn á rí i.

Obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbóhùn sókè ni olùkọ́ wọn. Ó kọ òfin sójú pátákó: a kì í sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe aya ẹni, a kì í mú fóònù wọnú ọkọ̀, bí a bá sì rí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ níbi tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni ti mọ̀ pé à ń bọ̀, a kì í dúró, ńṣe là á kọjá lọ. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ-wò-mí ní ẹni tó ti ṣọ́ géètì fún ọdún méje, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ. Ẹnì kan ní ṣebí géètì ọmọ iléèwé ni. Ó ní ẹni náà ò tíì pàdé àwọn òbí wọn ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Dígí ọkọ̀ náà nípọn, ó sì dúdú. Ẹni tó wà níta ò lè rí ẹni tó wà nínú. Ẹ gbà mí o! Kí Ẹ-wò-mí jókòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, akoto lórí, kẹ́nikẹ́ni má wò ó? Ṣé irú iṣẹ́ yẹn náà tún wá jẹ́ iṣẹ́?

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ìdánwò, wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fún wọn. Kó tó bọ́ bàtà nílé ló ti sọ fún Màmá: aago mẹ́wàá, iwájú báńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn, kí wọ́n wá wo bí òun á ṣe sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àpò. Ó ní kí wọ́n má sọ fún ẹnì kankan o, àṣírí iṣẹ́ ni. Màmá ní àwọn ti gbọ́.

Ọjọ́ pé. Wọ́n di ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú àpò bí owó, ó kan Ẹ-wò-mí láti ṣe olórí ọkọ̀ fún ìdánwò, ó jókòó síwájú, olùkọ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé kékeré rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yà sí òpópónà báńkì báyìí, Màmá rèé! Wọ́n gbé àga láti ilé wá, wọ́n wọ aṣọ ìmúróde, wọ́n ṣí agbòjò, wọ́n tẹjú mọ́nà.

Awakọ̀ dẹwọ́ eré. Olùkọ́ bèèrè ta ni ìyá tó gbé àga síwájú báńkì yẹn.

Ẹ-wò-mí fa akoto wálẹ̀ bo iwájú orí. Bó bá ní òun mọ̀ wọ́n, wọ́n á bi í ta ló sọ ọ̀nà fún wọn, ipò sì ti lọ nìyẹn.

"N ò mọ̀ wọ́n rí, ọ̀gá."

"Kí lòfin wí?"

"Ká kọjá lọ," ló fi ohùn tín-ín-rín sọ.

Wọ́n kọjá. Màmá dìde, wọ́n ń juwọ́ sí dígí dúdú. Ó dun Ẹ-wò-mí dọ́kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ẹ-wò-mí, bàtà ló mú ọ̀ràn bá. Inú bàtà ló fi fóònù pa mọ́ sí, inú bàtà náà ló sì ti ń dún. Olùkọ́ nawọ́ gbà á, ó jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé o ti kọjá ni? Oòrùn ibí yìí mú o."

Olùkọ́ kí wọn dáadáa, ó ní ọ̀gá rẹ̀ lòun, kí Màmá jọ̀ọ́ sọ ẹni tó ní kí wọ́n wá síbẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni lè ní òun lọ̀gá," Màmá dáhùn. "N ò mọ ọkọ̀ kankan. Oòrùn ni mò ń yá jẹ́ẹ́jẹ́ mi."

Màmá pa fóònù. Olùkọ́ da nọ́ńbà Màmá kọ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé iṣẹ́, ó gba akoto lórí Ẹ-wò-mí, ó ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tó délé, kò húkọ́. Màmá bi í ipò wo ni wọ́n fún un.

"Màmá, àṣírí iṣẹ́ ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò pa àṣírí mọ́ láyé rẹ̀. Màmá ní ó dáa, kó má sọ. Wọ́n ní kó kàn bá àwọn wá ọkọ̀ ní kùtù ọjọ́ Ajé, torí olùkọ́ rẹ̀ ti pe àwọn lọ́sàn-án, ó ní irú ẹni tí kì í tú àṣírí bí àwọn lòun ń wá, àwọn sì ti gbà.

"Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣe níbẹ̀?"

Màmá wò ó láti orí délẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, ìwọ ni wọ́n á wá ní kí n sọ ọ́ fún?"