Tòmátì Ẹ̀ṣà Wọ Ààfin Baálẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa nÍsọlọ̀ lánàá, tòun terùpẹ̀ ẹsẹ̀ ló wọlé. Tíṣà Olúbọ̀wálé, Bàbá Ìléríolúwa, ló pẹjọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àìná ni wọ́n pè lẹ́jọ́, télọ̀ tó ń gbé òkè ilé wọn ní Jákáńdè. Ó gbé tòmátì pupa kan dání bí ẹni gbé ẹyin.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí!" ni Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yìí ti ba oko mi jẹ́!"

"Oko?" Baálẹ̀ yíjú sí Ọ̀tún. "Oko wo ló wà ní Jákáńdè?"

"Ẹ̀yìn ilé wa ni, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú, mẹ́sàn-án lóòró."

"Bẹ́ẹ̀dì mi fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ."

"Èmi àti Alhaja Salimat la jọ ni ín. Tòmátì la fẹ́ gbìn. Mo ní ká gbin ti Jọ́ọ̀sì, èyí tó gùn, tó lẹ́ran lára. Alhaja ní àfi tòmátì Yorùbá."

Alhaja, aláṣọ ọjà Aswani, fò dìde láàárín èrò.

"Ti Jọ́ọ̀sì ò kan, Kábíyèsí! Ṣé ọbẹ̀ tí ò kan lọbẹ̀? Ti Yorùbá ni bàbá tòmátì. Ẹ ò rí bó ṣe kọlà bí ọmọ Ọ̀yọ́ gidi?"

"Omi ló kún inú ẹ̀!"

"Omi sàn ju bàtà lọ! Ẹ se ti Jọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, bàtà náà lẹ máa jẹ!"

Ọ̀tún lu tábìlì. "Ẹ̀ṣẹ̀ Àìná là ń retí o!"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jà lórí ẹ̀," ni Tíṣà wí. "Òjò ti ń rọ̀, ilẹ̀ ń wò wá. Ó sú mi. Mo bá kọ ọ́ sórí gúrúùpù wáàsáàpù ilé wa pé kí àwọn ará ilé bá wa mú ọ̀kan, èyí tí wọ́n bá mú, abẹ gé e."

"Èwo ni Àìná wá mú?"

"Kò mú ìkankan! Ọjà ló gbà lọ, ó lọ ra apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣà! Ẹ̀ṣà, Kábíyèsí! Èyí tó ti rọ̀, tó ń ṣomi, tí àwọn ọlọ́jà ti ṣà kúrò lára èyí tó dáa. Ó da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó fi erùpẹ̀ bò ó. Ti Jọ́ọ̀sì, ti Yorùbá, gbogbo ẹ̀ ló hù pọ̀. Mi ò mọ èwo lèwo mọ́. Kí ààfin pàṣẹ kó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, lónìí!"

Àìná ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi, ẹ má jẹ́ kí n hú u. Wọ́n ti ń so! Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pọnmi sí wọn kí n tó lọ ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà fúnra wọn ló ní kí n ra ẹ̀ṣà."

"Irọ́!"

"Ó wà lórí fóònù mi, sà."

Akọ̀wé ààfin gba fóònù, ó wò ó, ó dorí ẹ̀ kodò, ó tún un wò.

"Kábíyèsí, ohun tí wọ́n kọ nìyí: *Tomati ti a maa gbin: esa*. Kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀."

"'Ẹ ṣà' ni mo kọ!" Tíṣà ń làágùn. "Ẹ bá wa ṣà! Ẹ mú èyí tó wù yín!"

"'Ẹ̀ṣà' lèmi kà, sà."

Baálẹ̀ ní kí ẹlẹ́rìí wọlé. Albert ni, aládùúgbò ìsàlẹ̀ ilé wọn. Bàtà tí wọ́n fi ń sáré ló wọ̀ wá.

"Albert, kí lo rí lórí fóònù lọ́jọ́ náà?"

"'Ẹ sá' ni mo rí, Kábíyèsí."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sá ni, sà."

Baálẹ̀ wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Mo fa ìyàwó mi lọ́wọ́, mo gbé sìlíńdà gáàsì, ó di Ire-Akari. Ọjọ́ méjì la lò nílé àna mi."

"O ò rí 'tòmátì' níwájú ẹ̀ ni?"

"Kábíyèsí, èèyàn tó bá ti rí 'ẹ sá' kì í padà lọ ka ìbẹ̀rẹ̀."

"Irọ́ ló ń pa!" Alhaja tún ti dìde. "Sìlíńdà nìkan ló gbé! Etí mi ni mo fi gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀ ń ké lẹ́yìn ẹ̀ pé, 'Albert, èmi ńkọ́?'"

"Mo padà wá mú un, Alhaja."

"Lọ́jọ́ kejì!"

Ẹ̀rín pa Ọ̀tún débi pé fìlà ẹ̀ já bọ́. Baálẹ̀ kọjú sí Àìná.

"Ìwọ tó o ka ẹ̀ṣà, kò yà ọ́ lẹ́nu?"

"Rárá, sà. Ẹ̀ṣà ni ìyá mi máa ń gbìn nÍlaròó. Èyí tó bá ṣì le, kò tíì gbó. Èyí tó ti rọ̀ ló gbó, kóró tiẹ̀ ló ń hù dáadáa. Mo ní Tíṣà mà gbọ́n o."

Tíṣà tẹjú mọ́ tòmátì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Gbé ẹ̀rí yẹn wá," ni Baálẹ̀ wí. Ó la tòmátì náà sí méjì, ó bu iyọ̀ sí i, ó ju ìlàjì sẹ́nu, ó na ìlàjì sí Ọ̀tún.

"Kábíyèsí, ẹ̀rí ẹjọ́ lẹ ń jẹ yẹn!"

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni." Baálẹ̀ ń rún un lẹ́nu. "Ó lẹ́ran."

"Ó sì kan," ni Ọ̀tún wí.

Tíṣà wo Alhaja. Alhaja wo òrùlé. Baálẹ̀ nu ọwọ́, ó dájọ́.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hú ewé kan níbẹ̀. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ẹ na ọmọ ọlọ́mọ fọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nítorí àmì ohùn, ẹ wá ń ṣahun àmì fún aládùúgbò! Ẹ ó gé páálí, ẹ ó kọ orúkọ tòmátì sí i tàmì-tàmì, ẹ ó rì í sídìí igi kọ̀ọ̀kan. Alhaja á máa bá yín di páálí mú. Èyí tí àmì bá sọnù lórí ẹ̀, ẹ ó jẹ páálí náà tiyọ̀tiyọ̀."

"Igi mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, Kábíyèsí!"

"Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀."

"Orúkọ wo ni kí n kọ? Jọ́ọ̀sì àbí Yorùbá?"

"Ẹ̀ṣà Jákáńdè."

Àìná bú sẹ́kún ayọ̀. Alhaja fà á dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú èmi tí mo wá wòran náà dùn, mo bá wọn lọ síbi oko. Àṣé akọ̀wé ààfin ti sáré fi ìdájọ́ sórí gúrúùpù gbogbo Jákáńdè: *Baale ti dajo o! ESA JAKANDE!*

A ò bá ẹnì kan nílé. Sálúbàtà ló kún àtẹ̀gùn, ọbẹ̀ ń jóná lórí sítóòfù. Albert tó fetí ara ẹ̀ gbọ́ ìdájọ́ ló léwájú àwọn tó ń sá lọ, tòun ti sìlíńdà.

Tíṣà Olúbọ̀wálé kúnlẹ̀ sínú oko, wọ́n fi bírò kán àmì sábẹ́ ṣ àkọ́kọ́, wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n fi gbogbo agbára kígbe sọ́nà ààfin:

"Akọ̀wé! Àmì ohùn dà?"